Ẹ̀wù Méje Tí Bọ́tìnì Wọn Kò Ṣí

Màmá Aránṣọ kì í jẹ́ kí bọ́tìnì tó wọ́ kọjá lójú rẹ̀. Bí o bá ń lọ ní títì, tí o ti kánjú ki bọ́tìnì bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, tí apá kan ẹ̀wù rẹ wá ga ju apá kejì lọ, o wọ gàù nìyẹn bí o bá pàdé obìnrin yìí. Ìbáà jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́ rí, yóò dá ọ dúró, yóò tú u láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, yóò tún un dè, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ àyà ẹ̀wù náà kó tó ní, "Ó tó, máa lọ." Ó ti ṣe é fún ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà. Ó ti ṣe é fún ọlọ́pàá kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọlọ́pàá náà sì dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ sílé ìwé.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti lo ogójì nínú rẹ̀ nídìí máṣíìnì kan ṣoṣo, lójú fèrèsé kan ṣoṣo, nínú yàrá àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa bá bó bá ti títì wọlé. Òwú rẹ̀ tò lórí ìṣó lára ògiri, láti orí funfun títí dé dúdú. Bọ́tìnì wà nínú agolo, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agolo tirẹ̀. Bí ìrán kan bá yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí, yóò fi abẹ tú u palẹ̀, yóò tún un rán, kódà bó jẹ́ inú lọ́hùn-ún níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè tó.

Ohun kejì tí gbogbo àdúgbò mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó ń jowú. Owú tirẹ̀ kì í pariwo. A máa jókòó, a máa ṣu ẹnu jọ, a sì máa rántí. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, orúkọ iṣẹ́ náà ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Nítorí pé ọkùnrin náà kì í wo obìnrin kankan, pákó ni ìyàwó rẹ̀ ń jowú. Bí Káfíńtà bá fá pákó tán, a máa fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, a máa géètè jẹ, a sì máa dijú.

"Láti ìgbà tí mo ti wọlé yín," obìnrin náà á ní, "ẹ ò fọwọ́ ra mí báyẹn rí."

"Pákó kì í bá mi jà, ìyá wọn," Káfíńtà á dáhùn, á tún dijú.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà á jáde láàárọ̀, á wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku igi nínú irun ìpéǹpéjú, á jẹun, á sùn. Ẹ̀wù tó ń wọ̀ nìkan ni aya rẹ̀ fi ń wà pẹ̀lú rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Òun ló rán gbogbo wọn. Kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ fi owó ra ẹ̀wù rí láyé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òòlù já bọ́ lọ́wọ́ Káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́. Ó tún sọ fún un, kò gbọ́. Ìgbà tí yóò fi la ẹnu pe ẹni tó wà nítòsí, ahọ́n ti wúwo, ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn kí wọ́n tó dá a padà sílé. Ẹsẹ̀ ń wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀rọ̀ ń jáde, ó kàn ń pẹ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò padà wá. Orí itan ló ń wà, bí ìbọ̀wọ́ tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀.

Màmá Aránṣọ ló bá gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ń wẹ̀ ẹ́. Ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ó ń gbé apá rẹ̀ bọ inú apá ẹ̀wù, ó ń de bọ́tìnì rẹ̀, bọ́tìnì mẹ́fà láàárín ìmí méjì, ó ń tẹ́ àyà ẹ̀wù náà, ó ń ní, "Ó tó." Ká má purọ́, ó sunkún, ó sì gbààwẹ̀ nítorí àìsàn náà. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tún ń dùn, ó sì mọ̀ pé inú òun ń dùn. Ọkọ wà nílé lọ́sàn-án gangan. Ọkọ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, kò sí pákó, kò sí oníbàárà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní ọkọ fún ara rẹ̀.

Èyí ló fi jẹ́ pé nígbà tí ilé ìwòsàn ní kí wọ́n máa mú Káfíńtà wá sí yàrá kan ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ara obìnrin náà kò yá sí i.

Yàrá náà kò jọ yàrá ìwòsàn. Kò sí ibùsùn níbẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́. Ìkòkò wà níbẹ̀, ife, ṣíbí tí wọ́n fi fóòmù wé ìdí rẹ̀ kó lè tóbi, ilẹ̀kùn kékeré kan tí kò lọ síbì kankan ṣùgbọ́n tó ní kọ́kọ́rọ́, abọ́ ìrẹsì tí wọ́n bo owó ẹyọ mọ́ inú rẹ̀ kí ènìyàn lè máa fi ìka wá a jáde, àti pátákó kan tí wọ́n kan aṣọ mọ́, tí bọ́tìnì tò lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ń gbìyànjú láti bu omi sínú ife. Ó ń dà á sílẹ̀, ó ń nù ún, ó ń tún un bù, kò sì sẹ́ni tó bá a gbé e.

Ẹni tó ni yàrá náà jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún. Èékánná rẹ̀ kúrú, bàtà rẹ̀ pẹlẹbẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kọ́ àwọn tí àìsàn tàbí jàǹbá ti gba ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tún wẹ̀, jẹun, wọṣọ, kọ̀wé, ṣílẹ̀kùn. Olùkọ́-Ọwọ́ ni àwọn aláìsàn ń pè é. Màmá Aránṣọ kọ́kọ́ pè é ní nọ́ọ̀sì.

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, Màmá," ó dáhùn, ó sì jókòó níwájú Káfíńtà débi pé orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ìyẹn ni Màmá Aránṣọ kọ́kọ́ rí. Ohun kejì tó rí ni pé kò sí òrùka lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá," Olùkọ́-Ọwọ́ ní, "bí ọwọ́ yìí bá máa padà ṣe ohun kan ṣoṣo fún yín, kí lẹ fẹ́ kó jẹ́?"

"Iṣẹ́ káfíńtà wọn ni," ìyàwó dáhùn.

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́."

Ó dúró. Ó pẹ́. Màmá Aránṣọ ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, obìnrin yẹn rọra gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ojú Káfíńtà ló ń wò.

"Mo fẹ́," Káfíńtà ní, "mo fẹ́ máa wọ ẹ̀wù mi. Fúnra mi."

Bí ẹnì kan bá gbá Màmá Aránṣọ létí, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù kẹ̀? Nínú gbogbo ohun tó wà láyé? Ṣé bí òun ṣe ń wọ̀ ọ́ fún un kò dára ni?

Olùkọ́-Ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ó ṣàlàyé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ọwọ́ tó ṣàárẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń ki bọ apá ẹ̀wù, òun la sì máa ń bọ́ gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnì, lójoojúmọ́, nílé. Ó fún Káfíńtà ní irin kan tí ènìyàn ń fún pọ̀, tó ní abẹ́rẹ́ bíi ti òṣùwọ̀n, tó ń fi bí ọwọ́ ṣe lágbára tó hàn. Abẹ́rẹ́ náà sún dé mẹ́ta. "Bó bá ń lọ sókè títí dé ọ̀sẹ̀ kejìlá, a ó fi ọ̀sẹ̀ kún un. Bí kò bá lọ, ẹlòmíràn ń dúró de àga yìí. Ọwọ́ tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe, ṣe ló máa ń gan, bó bá sì ti gan tán, apá wa lè má ká a mọ́." Ó yíjú sí ìyàwó. "Màmá, iṣẹ́ tiyín ló le jù. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe é. Bí ọwọ́ bá ń yún yín, ẹ ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún kẹ́ ẹ tó na ọwọ́."

"Ṣé mo jọ ẹni tí kò níṣẹ́ ni?" Màmá Aránṣọ bi í. Olùkọ́-Ọwọ́ rẹ́rìn-ín.

Báyìí ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa lọ sí yàrá náà, Káfíńtà á ti jí kí àkùkọ tó ronú àtikọ. Á ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀wù aláwọ̀ sánmà. Á ní irùngbọ̀n òun ti hù jù. Màmá Aránṣọ ń fá a fún un, ó ń ronú pé láti ọdún wo ni ọkùnrin yìí ti bìkítà nípa irùngbọ̀n. Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, yóò jókòó lẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì, yóò máa wo ìka èékánná kúkúrú mẹ́wàá lórí ìka ọkọ rẹ̀. Wọ́n ń mú bọ́tìnì pọ̀. Wọ́n ń ti etí bọ́tìnì wọ ihò pọ̀. Ó ń bọ́, wọ́n ń tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bọ́tìnì kan wọlé, Káfíńtà sì géètè jẹ, ó dijú, ó fi àtàǹpàkò ra ojú bọ́tìnì náà.

Màmá Aránṣọ mọ ojú yẹn. Ojú pákó ni.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá ńkọ́?" ó bi í. "Mi ò rí wọn lórí àga."

"Wọ́n ń múra. Wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ ìyàwó wọn."

"Ìyàwó wo?"

"Ìyàwó ọwọ́ ọ̀tún. Èmi ni ti ọwọ́ òsì."

Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ẹ mú wọn dání o! Ṣé ó rẹwà?"

"Ó ní sùúrù," Màmá Aránṣọ ní. Ohùn tó fi sọ ọ́ dà bíi pé àrùn ni sùúrù.

Ilé ni wàhálà gan-an wà. Láràárọ̀, Káfíńtà á jókòó lójú fèrèsé pẹ̀lú ẹ̀wù lára, á máa bá bọ́tìnì jà. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń rí i. Ọkọ aránṣọ, tí àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu! Màmá Aránṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ení, èjì, ẹ̀ta. Kò dé méjìlá rí. Kó tó dé méjìlá, ọwọ́ rẹ̀ á ti débẹ̀, bọ́tìnì mẹ́fà láàárín ìmí méjì, "Ó tó." Káfíńtà á wo ìsàlẹ̀, á gbé ọwọ́ padà sórí itan.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni èrò ńlá wá sí i lọ́kàn. Bọ́tìnì ló ṣáà ń gbé ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn. Bí kò bá sí bọ́tìnì tí ènìyàn máa dè, kí ni wọ́n tún máa lọ wá níbẹ̀? Ó kó ẹ̀wù méje ọkọ rẹ̀ jọ, ó ní kí àwọn oníbàárà ṣe sùúrù, ó sì fi odidi ọjọ́ mẹ́ta ṣe iṣẹ́ tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó rán àyà ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan pa. Ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ dí àwọn ihò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá to àwọn bọ́tìnì padà sórí wọn kí ẹni tó bá wò ó má fura. Ó la ìhà òsì lábẹ́ apá, ó sì fi síìpù gígùn sí i, ó fi etí aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Bọ̀ ọ́ sọ́rùn, fa síìpù, ó parí. Ìmí kan ṣoṣo! O lè gbé ẹ̀wù náà sún mọ́ imú, o kò ní mọ̀ pé bọ́tìnì rẹ̀ kò ṣí.

"Ẹ wò ó," ó ní fún ọkọ rẹ̀. "Wàhálà ti tán."

Káfíńtà wò ó pẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì ra ìrán náà, nítorí pé òun náà mọ iṣẹ́ tó dára. "O ṣeun," ó ní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò bẹ́ẹ̀. Ní yàrá náà, pátákó bọ́tìnì ni Káfíńtà ń lò, nítorí náà kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀wù ara rẹ̀. Nílé, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan láti àárọ̀ dé alẹ́. Àwọn aládùúgbò ń wo bó ṣe mọ́ tónítóní lórí àga, wọ́n ń ní, "Màmá Aránṣọ, ẹ mà ń gbìyànjú o," orí rẹ̀ sì ń wú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Olùkọ́-Ọwọ́ gbé pátákó sẹ́yìn. "Ó tó gẹ́ẹ́, Bàbá. Lónìí, ẹ̀wù ara yín la máa lò. Ẹ tú bọ́tìnì àkọ́kọ́ fún mi."

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀kùn kékeré tí kò lọ síbì kankan.

Olùkọ́-Ọwọ́ tẹ̀ síwájú. Ó fọwọ́ kan bọ́tìnì, ó fọwọ́ kan èkejì, ó wá fi ìka tẹ̀ lé ìrán náà títí dé abẹ́ apá, níbi tí síìpù wà. Kò bínú. Ìyẹn ló tilẹ̀ dun Màmá Aránṣọ jù.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ rán eléyìí?"

"Èmi ni."

"Mi ò rí iṣẹ́ tó mọ́ tó báyìí rí." Ó mú irin onábẹ́rẹ́ wá. Káfíńtà fún un pọ̀ títí ọrùn rẹ̀ fi le. Abẹ́rẹ́ náà sún dé márùn-ún, ó gbọ̀n, ó padà. Olùkọ́-Ọwọ́ yẹ ìwé wò. "Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó dé mẹ́jọ." Ó gbé irin náà sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló kù."

Owú tó ti jókòó láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá dìde. "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni pé mo tọ́jú ọkọ mi? Ta lẹ fẹ́ kó tọ́jú wọn? Ẹ̀yin? Ẹ kúkú mú wọn lọ sílé yín, kẹ́ ẹ máa mú wọn lọ́wọ́ tọ̀sán-tòru!"

Ọkùnrin tó ń bu omi dúró. Omi rẹ̀ kún ife, ó ń ṣàn sílẹ̀.

"Rárá, Màmá," Olùkọ́-Ọwọ́ ní jẹ́jẹ́. "Gbogbo ohun tí mò ń ṣe níbí, mò ń ṣe é kí Bàbá má bàa nílò mi mọ́ ni. Ọjọ́ tí wọn ò bá nílò mi ni iṣẹ́ mi yọrí. Ṣé ẹ̀yin náà lè sọ bẹ́ẹ̀?"

Màmá Aránṣọ gbé ọ̀pá ọkọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Wọ́n wọ takisí lọ sílé.

Káfíńtà jókòó sórí àga rẹ̀. Màmá Aránṣọ jókòó sídìí máṣíìnì, kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá wọn," Káfíńtà ní.

"Ẹ lọ bá a. Ó ní sùúrù."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní." Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà, ó ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà yìí ni Màmá Aránṣọ fẹ́ bá a parí rẹ̀, ó sì di ẹnu rẹ̀ mú. "Bí o bá ń wọ̀ mí láṣọ, ara ẹ̀wù lojú rẹ ń wà. Bọ́tìnì lò ń wò. Ọmọ yẹn, ojú mi ló ń wò. Ó ń dúró dè mí."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"O ti máa ń ṣe tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

Ó gbọ́ ọ. Ó fẹ́ bínú, kò rí ibi tó máa fi ìbínú náà sí. "Ẹ̀wù méje yẹn ńkọ́? Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ dúpẹ́."

"Ọjọ́ mẹ́ta lo fi rán an. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?" Káfíńtà gbé ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú òsì, ó gbé e lé orí máṣíìnì, láàárín àwọn méjèèjì. "Mo ní mo fẹ́ wọ ẹ̀wù mi fúnra mi. Nọ́ọ̀sì pọ̀ nílé ìwòsàn, ìyá wọn. Ìyàwó ni mo fẹ́ máa bá nílé."

Màmá Aránṣọ wo ọwọ́ náà. Ó nawọ́ mú abẹ.

Kò sí ohun tó le fún un bíi kó tú iṣẹ́ tí kò ní àbùkù. Ó tú méje náà. Ó yọ síìpù, ó pa ìhà wọn dé, ó ṣí àyà wọn, ó la ihò wọn padà. Nígbà tó kan ẹ̀wù aláwọ̀ sánmà, ó kó àwọn agolo sọ̀kalẹ̀, ó ronú. Ó mú bọ́tìnì kóòtù tó tóbi jù, ó rán an sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó mú èyí tó kéré sí i díẹ̀, ó rán an tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ń dín in kù títí dé ọrùn, tó fi kan bọ́tìnì kékeré tí a ń lò fún ẹ̀wù. Ó fi òwú gbé ìdí wọn sókè díẹ̀ kí ìka lè rí ibi dì mú, ó sì fi àyè sílẹ̀ nínú ihò. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù náà burú lójú, bí ẹni tí ehín rẹ̀ kò bára dọ́gba. Òun tó rán an mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fa àga síwájú ọkọ rẹ̀, ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú. Ní méjìlá, ìka rẹ̀ ń ta pútúpútú lábẹ́ itan. Ní ogójì, bọ́tìnì ńlá bọ́. Ní àádọ́rin, òógùn jáde níwájú orí Káfíńtà. Nítorí pé kò gbọ́dọ̀ wo bọ́tìnì, kó má bàa nawọ́ sí i, Màmá Aránṣọ wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó rí i tó ń géètè jẹ. Ó rí iṣan kan lẹ́bàá etí tó ń sáré. Ọdún mélòó ló ti jowú ojú yìí, tí kò sì jókòó síwájú rẹ̀ rí? Ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, bọ́tìnì wọlé. Káfíńtà gbójú sókè láti wò ó bóyá ìyàwó òun rí i.

"Mo rí i," ó ní.

Bọ́tìnì kan lọ́jọ́ náà. Méjì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà míì, Káfíńtà máa ń bínú, á ní òun ò ṣe mọ́, Màmá Aránṣọ á sì ní, "Ẹ fi sílẹ̀ nígbà náà, kẹ́ ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó yín bí adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀," ìbínú náà á sì di ẹ̀rín. Nígbà tí Olùkọ́-Ọwọ́ rí ẹ̀wù bọ́tìnì oríṣiríṣi náà, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Màmá jọ̀ọ́ rán irú rẹ̀ kan fún òun kí àwọn yòókù lè máa lò ó. Màmá Aránṣọ ní òun máa rò ó. Ó rò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá kó tó rán an.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejìlá dé. Káfíńtà ní kí ìyàwó rẹ̀ máa dúró lóde, pé òun ń bọ̀. Ó yan ẹ̀wù funfun, èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ kéré látòkè délẹ̀. Màmá Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kà dé ọgọ́rùn-ún. Ó tún un kà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i. Ilẹ̀kùn ṣí, Káfíńtà jáde pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ òsì, bọ́tìnì mẹ́fà dè.

Ó ṣi ihò. Ọ̀kan ṣoṣo ló ti ṣì látìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá ṣì tẹ̀ lé e. Apá ọ̀tún ga ju apá òsì lọ, ọrùn ẹ̀wù náà sì yọ sókè bí etí ajá.

Màmá Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di èkejì mú.

"Ṣé ó dáa?" Káfíńtà bi í.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó ní.

Ìyá Oníbúrẹ́dì rí wọn láti òdìkejì. "Yéè! Màmá Aránṣọ! Ẹ wo ẹ̀wù ọkọ yín! Ṣé ojú yín ti ń ṣú ni?"

"Ojú mi dá ṣáṣá," Màmá Aránṣọ dáhùn, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo títì lè gbọ́. "Wọ́n fọwọ́ ara wọn wọ̀ ọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án!"

Ní yàrá náà, abẹ́rẹ́ sún dé mẹ́tàlá. Olùkọ́-Ọwọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kún un, ó sì di ọwọ́ Káfíńtà mú láti bá a yọ̀. Màmá Aránṣọ wo ọwọ́ méjèèjì. Owú náà ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó sí àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí i tí ojú obìnrin náà bọ́ sílẹ̀ sórí ẹ̀wù tó wọ́, tí ẹ̀rín yọ lẹ́nu rẹ̀, tí ìka èékánná kúkúrú kan sì dìde, bóyá láti tọ́ka sí i ni, bóyá láti tún un ṣe.

Màmá Aránṣọ ti dìde lórí bẹ́ǹṣì kó tó mọ̀. Ó gbá ìka náà mú lójú ọ̀nà.

"Ẹ ka ení, èjì," ó ní. "Títí dé ọgọ́rùn-ún."

Olùkọ́-Ọwọ́ fa ìka rẹ̀ padà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń kà lóòótọ́, ètè rẹ̀ ń mì. Káfíńtà wo àwọn obìnrin méjèèjì, ó wo àyà ara rẹ̀.

"Ó wọ́," ó ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u látòkè. Màmá Aránṣọ fa àga, ó gbé e sí iwájú rẹ̀ gan-an, sí ibi tí Olùkọ́-Ọwọ́ máa ń jókòó sí, débi pé orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ itan. Ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì ń dúró.